Ọjọ́ Tí Fùwàd Gbá Wèrèpè Mọ́ra

Nígbà tí Alhaji Aminullah pariwo pé, "Fùwàd! Wèrèpè!", Fùwàd rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé gan-an, sà!"

Ló bá na ọwọ́ méjèèjì, ó ki orí bọ igbó, ó gbá wèrèpè mọ́ àyà gbàgbàgbà, bí ìyá tí ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé.

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí!

Ẹ má tíì bá mi rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sì sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Fùwàd fúnra ẹ̀ ló ń ròyìn ara ẹ̀ káàkiri àdúgbò Ndogbong, òun náà ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀ nítorí ẹ̀rín. "Ẹ wo ẹnjiníà! Ẹ wo ọ̀mọ̀wé ilẹ̀!" Bó ṣe máa ń pe ara ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá ni Fùwàd, àmọ́ Douala ni wọ́n bí i sí. Láti jéléósinmi títí dé yunifásítì, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Tí ẹ bá ja ewé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi í ní orúkọ ẹ̀, èdè Látìn ló máa fi pè é fún yín, á tún sọ orúkọ bàbá ewé náà. Yorùbá ńkọ́? Gbogbo Yorùbá tó wà lẹ́nu ẹ̀ kò kún ife kan. "Ẹ káàárọ̀, sà" wà níbẹ̀. "Ebi ń pa mí" wà níbẹ̀. "Ẹ ṣé, sà" náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá gbogbo wọn sì ni "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Iṣẹ́ ẹ̀ rèé: tí ilé-iṣẹ́ kan bá ti wa òkúta wẹ́wẹ́ níbì kan títí ó fi tán, tí wọ́n fi kòtò ràgàjì sílẹ̀ bí eyín tó ká, Fùwàd ni wọ́n máa ń pè. Á wo irú ilẹ̀ tó kù níbẹ̀. Á ka ewéko tó ń hù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, á sọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí ibẹ̀ á fi padà di ilẹ̀ tí nǹkan ń hù sí.

Ó ń fẹ́ Kàbírátù. Kàbírátù náà ń fẹ́ ẹ. Bàbá Kàbírátù ni ìṣòro.

Bàbá náà ni Alhaji Aminullah, tó ti ń ta aṣọ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Congo láti ọgbọ̀n ọdún. Àǹkárá, léèsì, gínì, kò sí èyí tí kò sí nínú ìsọ̀ ẹ̀. Alhaji gbọ́ Faransé dáadáa. Bí kò bá gbọ́, ta ló máa ta aṣọ fún? Àmọ́ ó ti búra: "Ẹni tó bá máa fẹ́ ọmọ mi, èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ló máa fi bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ Faransé sí mi, kó máa bá Faransé lọ."

Ni Kàbírátù bá kọ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ́gbọ́n. Ó ní, "Ohunkóhun tí Bàbá bá ti sọ, ṣáà máa dá wọn lóhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá mí kanlẹ̀, kí o mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé yé."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Fùwàd fi lo ọgbọ́n yìí. Ó sì ṣiṣẹ́! Alhaji ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ọmọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọlọ́gbọ́n ni."

Ọlọ́gbọ́n!

Ẹ gbà mí o!

Ọjọ́ kan ni Alhaji bi Kàbírátù pé, "Iṣẹ́ wo gan-an ni ọlọ́gbọ́n yìí ń ṣe?"

"Ó ń wo ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ń wo kí ni?"

"Ilẹ̀, Bàbá. Ilẹ̀ àti koríko."

"Ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò lọ́fẹ̀ẹ́? Koríko tí ewúrẹ́ ń wò? Ọ̀la ni mò ń tẹ̀ lé e lọ. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ilẹ̀ tí wọ́n ń wò jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ọ̀la yẹn gan-an ni Madame Monique, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni kòtò òkúta kan ní ìta ìlú, fẹ́ wá gbọ́ àbọ̀ lẹ́nu Fùwàd ní aago mọ́kànlá. Wọn ò tíì ríra rí, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ Fùwàd bá wọ̀ ọ́ létí, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni. Tí kò bá wọ̀ ọ́ létí, kó máa lọ sílé.

Iṣẹ́ àti ìyàwó, ọjọ́ kan náà, kòtò kan náà.

Ọkọ̀ Alhaji ni wọ́n gbé. Wọ́n dé oríta Ndokoti, ọkọ̀ dúró gbọnyin. Níwájú, ọkọ̀. Lẹ́yìn, ọkọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kadà tó ru bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí kan ni wọ́n lò lójú kan, Alhaji sì ráyè bi àna ẹ̀ ní ìbéèrè tó ti wà níkùn ẹ̀ tipẹ́.

"Fùwàd, àbí o ti níyàwó kan níbì kan ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Fùwàd fi gbogbo eyín ẹ̀ dáhùn.

Alhaji yí ọrùn kírí. "O níyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Mélòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Alhaji mí kanlẹ̀. Fùwàd rántí ẹ̀kọ́ ẹ̀, ó mi orí tìkàtẹ̀gbin bí ẹni tí àwọn ìyàwó náà ti sú.

"Ṣé o máa ń nà wọ́n ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé, sà!"

"Àsítáfúrúlà!" Alhaji di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Ó ti pinnu nínú ara ẹ̀ pé òun á bá olóríburúkú yìí dé ibi tó ń lọ, kí òun lè bú u níbi tí kò ti sí èrò, nítorí èébú tó wà nílẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bú láàárín Ndokoti.

Fùwàd ní tiẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ń ronú pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òun ń lọ dáadáa.

Wọ́n dé kòtò náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Kòtò gbàràgàdà! Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pupa, ó gún ṣánṣán bí ògiri. Nísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ewé kan dúró síbẹ̀. Lókè, wọ́n kó ilẹ̀dú jọ gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ojú ilẹ̀. Oṣù kìíní ni, òjò ti lọ, gbogbo nǹkan ti gbẹ.

Kí Alhaji tó la ẹnu bú u, Fùwàd ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn, ó ṣe àṣehàn!

Ó wọ bàtà róbà. Ó dé akẹtẹ̀. Ó mú irin ìgbẹ́lẹ̀ kan tó lọ́ bí ìwo àgbò, ó ń fi gbẹ́ ilẹ̀ kìrìkìrì, kìrìkìrì. Ó gbẹ́ ẹ níhìn-ín, ó gbẹ́ ẹ lọ́hùn-ún, ó sì da ilẹ̀ mẹ́ta sínú ọ̀rá mẹ́ta. Ó tò wọ́n sórí òkúta pẹrẹsẹ kan. Ó kọjú sí koríko. Ó rí eéran, ó pe Látìn. Ó rí ẹ̀kan, ó pe Látìn. Ó fọwọ́ kan patanmọ́, patanmọ́ pa ewé dé, ó tún pe Látìn gígùn kan sí i lórí.

Alhaji sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó rò pé ọfọ̀ ni.

Ibọ̀wọ́ Fùwàd ńkọ́? Ó wà nínú àpò ẹ̀. Ó ní tí òun bá wọ̀ ọ́, Alhaji á rò pé òun ń bẹ̀rù ilẹ̀.

Ìgbà yẹn ló wá rí i. Ewéko kan tó ń ta ìtàkùn fà gba etí kòtò, ó bo òkúta mọ́lẹ̀, ewé ẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, èso ẹ̀ so ṣùùrùṣù, irun wúràwúrà bò wọ́n lára bí aṣọ àrán.

Ayọ̀ dé! "Mucuna!"

Ó ti kà nípa Mucuna nínú ìwé títí. Ewéko tó ń bọ́ ilẹ̀! Ilẹ̀ tó ti gbó, tó ti ṣá, tí wọ́n bá gbìn ín sí i, okun á padà. Ó sì hù níbẹ̀ fúnra ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́! Ohun tí Fùwàd gbàgbé ni pé wọ́n ti tọ́ ti inú ìwé yẹn dàgbà, ó ti di ọmọlúàbí, kì í yún ẹnikẹ́ni mọ́. Ti inú igbó yìí ò tíì rí ẹni tọ́ ọ.

Alhaji ti rí i. Ọmọ oko ni Alhaji kó tó di ọmọ ọjà. Ó gbàgbé èébú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè:

"Fùwàd! Wèrèpè! Wèrèpè nìyẹn o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé gan-an, sà!"

Ó gbá a mọ́ra.

Kì í ṣe pé ó gbá a mọ́ra nìkan. Ó ja èso ẹ̀ kún ọwọ́. Ó rọ ọ́ sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ó rọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò, tiwájú àti tẹ̀yìn. Ó tún mú ọ̀kan, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó lè mọ bó ṣe kúnná tó.

Alhaji di ojú ẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Kò sí nǹkan kan.

Fùwàd fi ìka kan kan ọrùn. Kẹ́rẹ́.

Ó tún kàn án. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ikùn. Lẹ́yìn náà, abíyá. Lẹ́yìn náà, ibi tí mi ò lè dárúkọ níwájú àgbà.

FÀRÀ-FÀRÀ-FÀRÀ!

Ó fò sókè, ó balẹ̀, ó tún fò. Akẹtẹ̀ ẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, bàtà ẹ̀ kan lọ sósì. Ó fẹ́ sọ fún Alhaji pé ara ń yún òun. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú ife Yorùbá ẹ̀, ó wá a tì, ó sì mú èyí tó fara jọ ọ́:

"Bàbá! Mo yó! Mo yó o!"

"O yó? Kí lo jẹ?"

"Mo yó ẹ̀yìn! Mo yó ọrùn! Bàbá, gbogbo ara mo yó!"

"Ara ń yún ọ ni! Wèrèpè ni mo wí! Gbọ́, má fi èékánná kàn án! Má sì jẹ́ kí omi kàn án! Eérú ni wọ́n fi ń pa á, kì í ṣe omi!"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni Fùwàd mọ̀.

"Omi!" ló ké. "Omi! Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé, sà!"

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jù ú. Ó bọ́ ṣòkòtò, ó jù ú. Gbogbo ẹ̀ lọ gbé orí wèrèpè kọ́. Ó ku ṣòkòtò péńpé abẹ́ kan tó pupa rokoṣo, tí àwòrán ọ̀pẹ̀yìnbó kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kòtò, òkúta wẹ́wẹ́ ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ wàràwàrà.

GBÀLÀÚÙ!

Omi tutù. Háà. Ó di ojú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìdúpẹ́ náà kò dé òpin. Àwọn ibi tí wèrèpè kò tíì mọ̀ lára ẹ̀, ńṣe ni omi gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi dé bẹ̀. Fùwàd bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú omi bí ẹja tí wọ́n da ata sí lójú.

Alhaji rọra sọ̀kalẹ̀, ó dúró létí omi, ó ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn ẹ̀. Ó pe orúkọ ẹ̀ jẹ́jẹ́:

"Fùwàd. Ṣé o gbọ́ Yorùbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Ṣé àgbò Iléyá ni mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Ṣé kí wọ́n wá dúńbú mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Ẹ ṣé, sà!"

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ké níbì kan: kúọ́.

Alhaji la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta, ó fi Faransé bi Fùwàd ní ìbéèrè kan náà:

"Mon fils, tu comprends yoruba?"

Fùwàd rẹ ara sílẹ̀ nínú omi títí tó fi kan àgbọ̀n ẹ̀. "Non, papa."

(Látìhín lọ, Faransé ni wọ́n ń sọ o. Èmi ni mò ń fi Yorùbá rò ó fún yín.)

"Ìyàwó tí o ní o ní yẹn ńkọ́?"

"Ìyàwó? Èmi? Bàbá, Kàbírátù nìkan ni mo mọ̀ láyé mi!"

"Tí o ní o máa ń nà wọ́n?"

"Ta ni mo nà? Bàbá, ìgbà wo ni mo na èèyàn?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn Alhaji. Ó gun àyà, ó gun ọ̀fun, ó bú jáde: Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀! Ó jókòó sórí òkúta. Fìlà ẹ̀ já bọ́. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Oṣù mẹ́ta! Mo ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé ọlọ́gbọ́n ni ọ́!"

Pìn-ín! Pìn-ín!

Ọkọ̀ ńlá funfun kan ló dúró sókè. Madame Monique sọ̀kalẹ̀, akọ̀wé ẹ̀ Stéphane tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti kálàmù lọ́wọ́.

Fùwàd wo òkè. Ó wo aṣọ ẹ̀ lórí wèrèpè. Ó wo ọ̀pẹ̀yìnbó tó wà ní ìdí ẹ̀. Ó wọ́ lọ sẹ́yìn àpáta kan nínú omi, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mi ò wá. Ẹ ní mo ti kú."

Alhaji dìde. Ó gbọn eruku dànù. Ó dé fìlà. Ojú ẹ̀ yí padà, ó di ojú ọlọ́jà.

"Kí oníbàárà dé, kó má bá ẹnì kankan ní ìsọ̀?" ló wí. "Láéláé."

Ó gun òkè lọ.

Madame rí àgbàlagbà kan tó wọ agbádá funfun, tó ń ti inú kòtò bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọba. Ó ní, "Monsieur l'expert? Ẹ̀yin ni onímọ̀ ilẹ̀ náà?"

Alhaji kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, madame. Ẹ wọlé." Ó na ọwọ́ sí kòtò bí ẹni ń na ọwọ́ sí ìsọ̀ ẹ̀. "Ẹ jókòó. Ẹ mọ́kàn balẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n fi hàn yín?"

"Irú ilẹ̀ tó wà níbí," ni Madame wí.

Lẹ́yìn àpáta, Fùwàd bo ojú ẹ̀. Ó parí.

Alhaji mú ọ̀rá kìíní tí Fùwàd tò sórí òkúta. Ó fi ìka méjì rún ilẹ̀ náà, bó ṣe máa ń rún etí aṣọ. "Èyí, yanrìn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Òwú ẹ̀ ò dí. Tí ẹ bá bu omi lé e, á jò dànù. Mi ò ní tà á fún yín."

Stéphane bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ó mú ìkejì. "Èyí, amọ̀ ni. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ó le bí gínì tí wọ́n lù, omi ò wọ inú ẹ̀. Àmọ́ ó dára fún ìtẹ́lẹ̀."

Ó mú ìkẹta, ó rún un, ó gbóòórùn ẹ̀, ojú ẹ̀ tàn. "Háà! Èyí ni ojúlówó! Níbo ni wọ́n ti rí i?" Ó wo àmì tí Fùwàd kọ sára ọ̀rá, ó wo òkìtì ilẹ̀dú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀hún nìyẹn."

Madame ní, "Ìyẹn? A ti ń ronú pé ká dà á sínú omi yẹn, ká fi dí kòtò."

"Madame!" Alhaji di àyà mú. "Ẹ fẹ́ fi ojúlówó léèsì ṣe ìtẹ́lẹ̀? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Amọ̀ ló ń lọ sábẹ́. Ojúlówó ló ń wà lókè, níbi tí ojú ti ń rí i. Ẹ̀gbẹ́ kòtò yìí náà, ó gún jù. Ẹ gé e kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ṣẹ́ ẹ létí. Aṣọ tí wọn ò bá ṣẹ́ létí, tí òjò bá ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, á tú!"

Nínú omi, Fùwàd gbàgbé wèrèpè. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo ohun tí òun kọ sínú ìwé ogójì ojú-ewé, tí òun fi àwòrán mọ́kànlélógún ṣàlàyé, bàbá yìí ti sọ ọ́ tán kí ẹyẹ tó fò láti igi dé igi!

"C'est ça!" ló pariwo. "Òótọ́ ni!"

Madame fò sókè. "Ta ló wà nínú omi?"

Alhaji kò mì. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ó ń wọn omi."

Wọ́n wò ó. Orí kan ló yọ sókè, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń mì, ó ń yí.

Stéphane ní, "Kí ló dé tí kò dúró lójú kan?"

"Tó bá dúró lójú kan, ṣé gbogbo omi ló máa wọ̀n?"

Stéphane kọ ọ́ sílẹ̀.

"Báwo ni omi náà ṣe rí?" ni Madame fi ohùn òkè bi í.

"Ó ń jó mi!" ni Fùwàd ké, òótọ́ inú ẹ̀ ló sì sọ.

Stéphane kọ ọ́: Omi gbígbóná.

Wọ́n fẹ́ máa lọ ni Madame rí ewéko wúràwúrà náà. "Èyí mà dára o!" Ló bá na ọwọ́ sí i.

"Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN!" Alhaji fò bí ọmọ ogún ọdún, agbádá ẹ̀ là pàà bí ìyẹ́ àwòdì. Ó dúró láàárín Madame àti wèrèpè. "Ẹ̀ṣọ́ ibí yìí nìyẹn, madame. Òun ló di etí kòtò yìí mú. Ọmọ iṣẹ́ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní."

"Kí ló rí lára ẹ̀?"

Ohùn kan rú sókè láti inú omi, ó gùn, ó ń gbọ̀n, bí ohùn ẹni tí wọ́n ń fi iyẹ́ gún: "Azooooote!"

Náítirójìn, oúnjẹ ilẹ̀, ló ń sọ o. Madame sì mọ̀ ọ́n. Ó mi orí, ó bọ Alhaji lọ́wọ́, ó gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀, ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó yé òun tó báyìí rí.

Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Alhaji fa Fùwàd jáde. Ó bu eérú níbi tí àwọn awakọ̀ kan ti dáná sun àgbàdo, ó fi pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí ó fi funfun báláú. Ó bọ́ agbádá ẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un. Wọ́n padà sí Ndokoti, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ṣì ń dúró dè wọ́n. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun yọjú sí fèrèsé ọkọ̀ kó polówó ọjà ẹ̀. Ó rí ohun funfun kan nínú agbádá, ojú ẹ̀ pọ́n, ó ń fi ẹ̀yìn ha àga.

Obìnrin náà gbé àdògán ẹ̀, iná àti ẹyín iná, ó sá!

Fùwàd fi ohùn kékeré wí pé, "Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èmi àti Kàbírátù ti bàjẹ́."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?" Alhaji ṣì ń nu omi ojú ẹ̀rín. "Ọkùnrin tó lè wà nínú omi pẹ̀lú wèrèpè fún odindi wákàtí kan, tó ṣì ń rántí iṣẹ́ ẹ̀? Ọmọ mi náà ò lè yọ ọ́ lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Máa fẹ́ ẹ. Àmọ́ láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wá sí ilé mi, kí n kọ́ ọ ní Yorùbá."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ara Fùwàd bọ̀ sípò. Ó fi ìwé ogójì ojú-ewé ẹ̀ ránṣẹ́ sí Madame, ó fọwọ́ sí i gàdàgbà. Èsì dé: iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti di tiyín. Docteur tó wọ agbádá funfun ni kó máa darí ẹ̀ o. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ tó ń wọn omi tó sì kọ ìwé yìí náà gbìyànjú, àmọ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀.

Fùwàd gbé èsì náà sáré lọ sí ìsọ̀ Alhaji ní Marché Congo. Kàbírátù wà níbẹ̀. Bó ṣe kà á dé ibi "kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀," ó ṣubú sórí àǹkárá.

"Mo máa pe Madame báyìí, kí n sọ òótọ́ fún un," ni Fùwàd wí.

Kò tíì yọ fóònù tí ti Alhaji fi dún. Madame ni. Alhaji gbé e sétí, ó na ìka kan sí Fùwàd pé kó pa ẹnu mọ́.

"Docteur, ẹ má bínú," ni Madame wí. "Fọ́ọ̀mù kan ló wà níwájú mi, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́."

"Èmi?" Alhaji na ẹ̀yìn. "Congo ni, madame. Ọgbọ̀n ọdún gbáko."

"Ọgbọ̀n ọdún! Abájọ! Brazzaville ni àbí Kinshasa?"

Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí kò fẹ́ ṣi oníbàárà lọ́nà.

"Rárá o, madame. Ìlà kejì ni. Tí ẹ bá ti rí àwọn aránṣọ, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún."